Àgbẹ̀ Tó Palẹ̀ Òfò Rẹ̀ Mọ́

Ní ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn, wọ́n ní ẹlẹ́tàn ni Agbálẹ̀-oko: ọkùnrin tí omi kò kan oko rẹ̀, tó sì fẹ́ bá àwọn tí ìkún-omi bà lóko jẹ́ gba owó ìrànwọ́. Ní àdúgbò rẹ̀, wọ́n ní bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́ pé kó pa irọ́, kò lè rí ẹyọ kan pa. Aládùúgbò tí oko wọn jọ pààlà ló máa ń sọ èyí jù, tòun tẹ̀rín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Odò kún, ó wọ oko méjèèjì, ó sì pa àgbàdo tó ti fẹ́ yọmọ. Ìjọba kéde pé ẹni tí òṣìṣẹ́ àwọn bá fojú rí ọ̀gbìn tó kú lóko rẹ̀ ni yóò gbowó. Aládùúgbò lọ sùn. Agbálẹ̀-oko, tí oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ bí koríko bá wà lójú poro, fa gbogbo àgbàdo tó kú tu, ó kó o dà sẹ́yìn ahéré, ó tún ebè kọ, ó sì fi irúgbìn tó kù nílé gbin òmíràn. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba, obìnrin kan tó wọ bàtà òjò, fi máa dé, oko ti mọ́ bí ilé tó ń retí àna. Aládùúgbò gbowó. Agbálẹ̀-oko gba “ẹ kú iṣẹ́.”

Ìyàwó rẹ̀ kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Owó yẹn ni wọ́n fẹ́ fi ra ajílẹ̀ fún àgbàdo tuntun, tí ewé rẹ̀ ti ń pọ́n. Láìsí ajílẹ̀, kò ní yọmọ kí òjò tó dá.

“Bàbá wọn, ẹ lọ kó ìdọ̀tí yẹn padà sóko. Mo ti bẹ obìnrin yẹn, á tún yà lọ́la.”

“Kí n fọwọ́ ara mi da oko mi rú?”

“Ẹ wá fi ọwọ́ tèmi dà á rú, bó bá jẹ́ ọwọ́ ló ń dùn yín.”

Ó kó o padà, ojú rẹ̀ le bíi ti ẹni tó ń sìnkú. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó bo èhù tuntun mọ́lẹ̀, nítorí náà ó tò ó sáàárín ebè, orí síbì kan, ìdí síbì kan.

Òṣìṣẹ́ dé. Ó wo òkú àgbàdo tó sùn lọ tààrà bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n.

“Bàbá, ṣé omi ló to èyí báyìí?”

Ìyàwó wúkọ́. Ó tún wúkọ́.

“Rárá o, ọ̀gá. Èmi ni. Omi pa á, mo kó o kúrò, wọ́n ní kí n kó o padà.”

“Ta ló ní bẹ́ẹ̀?”

Ó wẹ̀yìn. Ìyàwó ti ń wo ojú ọ̀run.

Òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé pòròpórò kan, ó rí ẹrẹ̀ odò tó gbẹ mọ́ ọn dókè. Ó yọ fóònù, ó ya àwòrán.

“Ọ̀gbìn tó kú ni wọ́n ní kí n fojú rí. Wọn ò ní kí n bèèrè ẹni tó tẹ́ ẹ. Owó yín á wọlé.”

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Aládùúgbò ké láti ààlà: “Agbálẹ̀-oko! Ojú ẹ ti là!”

Ilẹ̀ ni ọkọ ń wò.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Kí ló tún kù, bàbá?”

“Ṣé mo lè wá kó o kúrò báyìí?”