Gààrí Oǹdó, Oògùn Àkúrẹ́

Mo rántí ìgbà tí gààrí di ohun àwátì ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Àsìkò Kòrónà ni. Wọ́n ti kéde kónílé-ó-gbélé, owó tí a fi ń ra kóńgò méjì tẹ́lẹ̀ kò sì ra ẹyọ kan mọ́. Bẹ́ẹ̀, èmi akọ̀wé ìjọba tí mo gba ilé sí àdúgbò Ijapo, mo ti máa ń fọ́nnu fún ìyá mi ní Oǹdó pé, "Ẹ máa bọ̀ l'Ákùúrẹ́. Olú ìlú ni, kò sí ohun tí kò sí níbẹ̀."

Nígbà tí ebi fẹ́ dójú tì mí, mo pè wọ́n lórí fóònù, mo rọra bèèrè gààrí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Gààrí kẹ̀? Ó kún ilẹ̀ níbí! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jẹrà lóko, ọkọ̀ tó ń kó o ò tó nǹkan." Wọ́n wá ní, "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ni mi ò rí rà. Èyí tó kù, mò ń dá a sí méjì lò."

Oògùn ọ̀hún kún kẹ́míìsì ẹ̀yìnkùlé mi. Mo rà á, mo sáré bá awakọ̀ kan tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti Oǹdó, torí ọkọ̀ oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ lè jókòó sórí àpò òfìfo lẹ́yìn?" Mo ní bó bá ní kí n dùbúlẹ̀, màá dùbúlẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá dá wa dúró lọ́nà, awakọ̀ ní alábàárù òun ni mí. Ọlọ́pàá wo àtẹ́lẹwọ́ mi. "Alábàárù tọ́wọ́ ẹ̀ rọ̀ bí òwú!" Ẹ̀rín pa á, ó ní ká máa lọ.

Ìyá mi ti dúró síwájú ilé. Wọ́n fẹ́ dì mọ́ mi, mo sún sẹ́yìn torí Kòrónà, mo gbé oògùn sórí bẹ́ǹṣì. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé odindi ẹyọ kan mì. Wọ́n wá nàka sí àpò gààrí méjì. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ó yá, olú ìlú, gbẹ́rù ẹ."

Ọ̀nà ti là báyìí, ọjà sì ti ń lọ, ó ń bọ̀. Oǹdó náà ni ìyá mi ṣì ń gbé, mi ò sì pè wọ́n wá sí Àkúrẹ́ mọ́. Ohun tí mo máa ń rántí jù ni bí a ṣe dúró lọ́ọ̀ọ́kán síra wa lọ́jọ́ náà, tí èmi ń rẹ́rìn-ín tómi ń dà lójú mi, tí wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì sí mi láti òkèèrè, tí wọn ò tètè ká a kò.