Poro Kan Ṣoṣo Tí Orrin Ya

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Orrin Tatro jẹ́, ẹ má wo ojú rẹ̀, ilẹ̀ tó ti kọjá ni kí ẹ wò. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń tọ́jú itẹ́ òkú abúlé wa níhìn-ín ní Vermont, katakata kékeré kan náà ló sì ń lò. Ó ń fi gé koríko, ó ń fi kó yẹ̀pẹ̀, ó ń fi gbé òkúta, síbẹ̀ koríko ibẹ̀ tẹ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Èmi ni mo ń ṣọ́ owó ìgbìmọ̀ itẹ́ òkú náà. Sẹ́ǹtì kan kò tíì jáde lọ́wọ́ mi rí nítorí pé Orrin ba ilẹ̀ jẹ́.

Nígbà òtútù, ilẹ̀ wa a máa le bí àpáta, kò ṣeé gbẹ́. Ẹni tó bá kú á dúró nínú ilé olókùúta tó wà lẹ́nu géètì títí ilẹ̀ á fi yọ́. Ibẹ̀ ni Armand Bushey wà láti oṣù kìn-ín-ní. Ìgbà tí ilẹ̀ bá sì yọ́ tán gan-an ni wàhálà dé: omi á kún abẹ́ koríko, gbogbo rẹ̀ á rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Ohun tó bá ní táyà tó gba ibẹ̀ kọjá, á ya poro tí a ó máa wò di ọdún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń dúró di ìparí oṣù karùn-ún.

Leona, ìyàwó Armand, kò lè dúró. Gerard, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun. Wọ́n fún un láàyè kó wálé lópin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹrin; lọ́jọ́ Ajé ọkọ̀ wọn á ṣí, ó di ẹ̀yìn ọdún kan kó tó padà. Leona bá èmi àti Orrin ní ilé ìdáná mi, níbi tí a ti ń mu kọfí.

“Mi ò ní sin bàbá yẹn kí ọmọ ẹ̀ má sí níbẹ̀,” ló wí. Kò tilẹ̀ jókòó.

“Leona, ilẹ̀ ti rọ̀ jù,” ni mo dá a lóhùn. “Ẹ̀yìn pátápátá ni àyè Armand wà. Orí ìyá àti bàbá àwọn èèyàn la máa gbà débẹ̀.”

“Àwọn òkú ò ní bá ẹ jà.”

“Ta ló ń bẹ̀rù òkú? Àwọn ọmọ wọn ni mò ń bẹ̀rù. Tí mo bá ní kí n ra koríko tuntun tẹ́ ibẹ̀, owó àtúnṣe géètì ti lọ nìyẹn.”

Orrin gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀. “Òtútù á mú láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ojú ilẹ̀ á dì díẹ̀. Mo lè kó àwọn kọnkéré tí a ó tẹ́ sínú sàréè wọlé kí oòrùn tó yọ́ ọ.”

“O lè ṣe é ni àbí o rò pé o lè ṣe é?”

“Hollis, tí mo bá ya poro lórí sàréè ẹnikẹ́ni, kí ìgbìmọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ katakata lọ́wọ́ mi.”

“Kọ́kọ́rọ́ wo? Ṣé okùn iná kọ́ lo máa ń so pọ̀ kó tó ṣíná?”

Leona kò rẹ́rìn-ín. Ojú mi ló ń wò. Mo ní kí wọ́n máa ṣe é.

Orrin fi ṣọ́bìrì gbẹ́ sàréè náà ní Ọjọ́bọ̀, nítorí ọwọ́ ìwalẹ̀ katakata yẹn wúwo. Ó tú ọwọ́ náà kúrò lára rẹ̀, ó fi í sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó ti tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀, àwọn táyà fífẹ̀ tí kò léyín yẹn sì tẹ́ sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé àwọn kọnkéré náà. Kò gba ojú ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mejì. Kò sáré, kò dúró, kò tẹ bíréèkì. Tó bá sọ ẹrù kalẹ̀ tán, ẹ̀yìn ló ń fi rìn jáde, torí pé yíyí táyà lójú kan ló ń fa koríko ya. Yìnyín ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ táyà.

Nígbà tó sọ èyí tó kẹ́yìn kalẹ̀, oòrùn ti yọ lórí òkè. Mo rí i tí omi ń ṣẹ́ yọ lábẹ́ táyà. Kò sí ojú ọ̀nà tuntun mọ́ tó lè fẹ̀yìn gbà. Bó bá padà sórí èyí tó ti tẹ̀, á rì. Ó ní láti yí katakata náà po níbẹ̀, kó sì gba etí ògiri jáde, níbi tí kò sí ẹni tí a sin sí.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lẹ́yìn náà ló darí rẹ̀ sí àyè koríko kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta sàréè aláwọ̀ eérú kan, ó sì yí i. Táyà rì. Ẹrẹ̀ dúdú yọ.

“Orrin! Poro!”

“Mo rí i.”

Mo rọra gba etí ògiri sún mọ́ ọn. Orúkọ Margery, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, ló wà lápá kan òkúta náà. Orúkọ Orrin wà lápá kejì, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí i. Wọn kò tíì kọ ọdún ikú rẹ̀.

“Ibùsùn tèmi ni,” ló wí. “Ẹni tó ni ín ò bínú.”

A sin Armand lọ́jọ́ kejì. Gerard wà lára àwọn tó gbé pósí bàbá rẹ̀, nínú aṣọ ológun rẹ̀, bàtà rẹ̀ tó ń dán sì kún fún ẹrẹ̀. Ìdílé Quimby, tí a sin ìyá wọn sójú ọ̀nà tí Orrin gbà gan-an, wá wo koríko wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí poro kankan. Nígbà tí gbogbo wa ń lọ, Leona dúró níwájú poro náà.

“Orrin, orí ta lo gùn báyìí?”

“Orí ara mi.”

Ó ka òkúta, ó wo ilẹ̀, ó tún òkúta kà. Ni ẹ̀rín bá bú lẹ́nu rẹ̀. A kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti oṣù kìn-ín-ní. Ó rẹ́rìn-ín títí Gerard fi dì í mú.

“Margery á pa ẹ́! O gbé katakata wọ yàrá!”

“Ó mọ̀ mí,” ni Orrin wí. “Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ló ti ń tìtorí bàtà ẹlẹ́rẹ̀ bá mi jà.”

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí Gerard ti lọ, mo yà síbẹ̀. Orrin kò da yẹ̀pẹ̀ sínú poro náà. Ó ki fọ́ọ̀kì ọgbà sí abẹ́ rẹ̀, ó ń rọra gbé ilẹ̀ sókè, bí ẹni ń gbọn ìrọ̀rí. Leona wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé àpò irúgbìn koríko dání, ó ń wọ́n ọn. Mo béèrè ẹni tó máa san owó irúgbìn.

“Hollis,” ni Leona wí, “máa lọ sílé.”

Mo lọ sílé.