Ìwé Ọmọ Ìbílẹ̀ fún Ẹni Tó Ń Sá Lọ sí Òkun

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a wọ kíláàsì nílé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òkun, olùkọ́ wa ní kí oníkálukú dìde sọ ohun tó fà á wá. Ọ̀pọ̀ ní dọ́là ni. Ọ̀kan ní aṣọ funfun yẹn ló wu òun. Nígbà tó kàn mí, mo ní mo fẹ́ rí ayé. Irọ́ ni mo pa. Ká ní mo sọ òótọ́ ni, wọn ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dọjọ́ tí a jáde.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ará Ìlobù ni bàbá mi, ará Ìfọ́n ni màámi. Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì mọ̀ pé wọ́n fara kan ara wọn, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, màámi sì kó mi lọ sílé bàbá tiwọn ní Ìfọ́n. Nígbàkigbà tí ìjà ilẹ̀ bá tún bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi á ní kí n máa lọ sí Ìlobù wa. Bí mo bá dé Ìlobù lọ́jọ́ Iléyá, àwọn ọmọ agboolé á máa pè mí ní ará Ìfọ́n. Máàpù kan wà lára ògiri kíláàsì wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n fi ìlà gé sí wẹ́wẹ́. Omi nìkan ni wọn ò fa ìlà sí. Mo máa ń wò ó títí tí tíṣà á fi gbá mi létí. Ohun tó fà mí sókun kò ju ìyẹn lọ.

Mo jáde nílé ẹ̀kọ́ awakọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó jáde kò tíì di nǹkan kan o. Àfi kó ṣe ọdún kan lójú omi kí wọ́n tó fún un ní sátífíkéètì. Ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó sílé, tí mò ń wá ọkọ̀ tó máa gbà mí. Gbogbo ẹni tó bá rí mi ní títì ló ń bi mí pé, "Ọkọ̀ ò tíì dé?" bí ẹni pé gáréèjì Ìfọ́n ló ń bọ̀. Ó sú mi débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà jáde.

Ìgbà tí ilé iṣẹ́ kan wá ní àwọn gbà mí, wọ́n ní kí n mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá láàárín ọjọ́ márùn-ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á mú ẹlòmíì. Kí n tó lè rí ìwé yẹn gbà ní ìjọba ìbílẹ̀, olórí agboolé bàbá mi gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé ọmọ àwọn ni mí.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlobù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí agboolé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ṣàlàyé. Bàbá ń ka tẹ̀sùbáà wọn lọ, wọn ò wò mí.

"Ìfọ́n lo ti dàgbà," wọ́n ní. "Kí àwọn tó tọ́ ọ kọ ọ́ fún ọ."

Mo padà sí Ìfọ́n. Àbúrò màámi ọkùnrin ní ọmọ àwọn ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé bàbá ẹni ni wọ́n ti ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kí n má kó àwọn sí wàhálà. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ sí Ìlobù. Bàbá kí mi kú ìrìn, ọ̀rọ̀ parí. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní Bàbá ń sùn. Ọlọ́kadà ti mọ̀ mí débi pé kì í béèrè ibi tí mò ń lọ mọ́.

Bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà, màámi tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí jẹ́jẹ́ wọn ni mo kanra mọ́.

"Ìdí tí mo fi fẹ́ lọ nìyẹn," mo ní. "Lójú omi, kò sẹ́ni tó máa bi mí bóyá ará Ìlobù ni mí tàbí ará Ìfọ́n. Ẹ̀yin lẹ kó mi sáàárín yìí."

Màámi fa igbá sún mọ́ra. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n wẹ̀, wọ́n da ìborùn borí, wọ́n ní ká lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjà ilẹ̀ ti jẹ́ kí màámi yẹra fún agboolé yẹn. Wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá, wọn ò sì dárúkọ lẹ́tà rárá. Wọ́n kàn ń kí Bàbá ni: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé àlàáfíà lẹ wà, àwọn ọmọ ńkọ́. Bàbá gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé bó o ṣe máa pẹ́ tó nìyí?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá."

"Ta ló ní kó o máa bẹ̀rù? Ilé ọkọ rẹ nìyí."

Bàbá ní kí n mú bírò wá. Lẹ́tà ọ̀hún ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ìlà mẹ́rin tí mo fi odidi ọjọ́ mẹ́ta sáré kiri nítorí rẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

Nígbà tí a ń dúró de ọ̀kadà, màámi wò mí.

"Ìwọ ti rí ibi tí wọn ò ti ní béèrè ilé bàbá rẹ lọ́wọ́ rẹ," wọ́n ní. "Èmi tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, tí mo lọ́kọ síhìn-ín, omi wo ni kí n kó lọ sí?"

Ọ̀kadà dé. Màámi jókòó sáàárín, mo di lẹ́tà náà mú láyà. Oṣù kẹjọ mi rèé lójú omi, n ò sì tíì rí èsì tí mo máa fún wọn.