Ràjí Méjì ní Itẹ́ Òkú Àwọn Ṣọ́jà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́, Sájẹ́ńtì kò tilẹ̀ bi mí bóyá mo mọ àdá mú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí n kọ́kọ́ lọ kí àwọn ọ̀gá mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹnì kankan. Koríko ni mo rí, àti àwọn òkúta funfun kéékèèké tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ lábẹ́ igi.

"Àwọn ọ̀gá wo, sà?"

"Àwọn tó dùbúlẹ̀ wọ̀nyẹn. Àwọn ló gbà ọ́ síṣẹ́. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, kí ni ìwọ ì bá wá ṣe níbí?"

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìlà dé ìlà, mò ń kí òkúta: ẹ káàárọ̀ o, ẹ káàárọ̀ o. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n dá ọ lóhùn?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹni tó bá sọ pé wọ́n dá òun lóhùn, n kì í gbà á síṣẹ́."

Itẹ́ òkú àwọn ológun tó wà ní apá Onírèké nílùú Ìbàdàn ni mò ń wí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, onítẹ̀bọmi ni wá nílé wa, Agbowó ni mo sì ń gbé nígbà náà, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo kọ́, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ti gbówó lórí débi pé àwọn tó ń kọ́lé ti jáwọ́. Nígbà tí wọ́n ní wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ibi ìsìnkú, ìyàwó mi ní kí n má lọ. Mo ní ebi kò yọ ẹni tó bá ń bẹ̀rù òkú sílẹ̀. Sájẹ́ńtì ni olórí wa níbẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n. Wọ́n lọ ja ogun Hítílà dé Bọ́mà, eékún kan tó ń dùn wọ́n ni wọ́n mú bọ̀, pẹ̀lú ohùn kan tí mo rò pé wọ́n lè gbọ́ dé Dùgbẹ̀.

Tí a bá ń fẹnu sọ ọ́, iṣẹ́ wa rọrùn: ká gé koríko, ká fọ òkúta, ká máa tún òdòdó gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ Sájẹ́ńtì ní òfin tiwọn. A kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ fọ òkúta, torí ọṣẹ máa ń jẹ lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sí i lára. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni. A kò gbọdọ̀ gba orí sàréè kọjá. A kò sì gbọdọ̀ pè wọ́n ní òkú. "Àwọn ọmọkùnrin" ni Sájẹ́ńtì ń pè wọ́n. Lẹ́yìn òjò ńlá, tí àwọn òkúta bá ti fì díẹ̀, bàbá yóò sùn sílẹ̀ gbalaja ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, wọn yóò di ojú kan, wọn yóò fi èkejì wò ó lọ. "Jákọ́bù, èyí tó wà nísàlẹ̀ igi yẹn ń yọ àyà síta. Dá a dúró dáadáa." Èmi yóò kì í mọ́lẹ̀, màá tún yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣe, títí wọn yóò fi sọ pé ó ti dúró bí ọmọlúàbí. Ẹni tó bá ń kọjá ní títì á rò pé orí àwa méjèèjì ti dàrú.

Tí a bá ń sinmi lọ́sàn-án, wọn a máa sọ ìtàn àwọn ọmọkùnrin náà fún mi. Wọ́n ní nígbà ogun yẹn, Ìbàdàn kún fún ṣọ́jà, àgọ́ wọn wà, ilé ìwòsàn tiwọn wà. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ ìró ìbọn ọ̀tá rí. Ibà ló pa òmíràn, ọkọ̀ ló dànù pẹ̀lú òmíràn, ẹlòmíì ti ojú ogun dé, ó wá kú nígbà tó kù díẹ̀ kó délé. Òyìnbó wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, ọmọ Gold Coast wà níbẹ̀, Ìbíbíò àti Yorùbá náà wà níbẹ̀. "Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́," Sájẹ́ńtì ní, "òyìnbó kò jẹ́ bá wa jẹun pọ̀. Wá wò wọ́n báyìí, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà." Wọn yóò wá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ yóò fi gbé wọn.

Kí n tó gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá ìyàwó mi tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Moniya. Àwọn ṣọ́jà ti tún gbàjọba nígbà yẹn, wọ́n sì kó àpò sìmẹ́ńtì bàbá lọ, wọ́n ní bàbá ń kó ọjà pamọ́. Ọjọ́ kejì, bàbá dé sílé wa ní Agbowó.

"Jákọ́bù, wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà lo ti ń ṣiṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé wọ́n máa ń gbọ́ tìrẹ?"

"Wọn ò bá mi jiyàn rí, sà."

Ìyàwó mi tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì ti ń fi aṣọ bo ẹnu. Nígbà tí mo ṣàlàyé irú ṣọ́jà tí wọ́n jẹ́, bàbá dìde, wọn ò mu omi tí mo gbé fún wọn. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún jẹun nílé wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Alájì àti ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ gan-an. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, ọkọ̀ Píjò kan dúró lẹ́nu géètì wa. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, kò lè fi púpọ̀ jù mí lọ. Ó di ìyá arúgbó kan lọ́wọ́ mú. Ó ní táyà lòun ń tà ní Ṣálẹ́ǹjì, ìyá òun nìyí, ọmọ Ṣakí ni àwọn. Bàbá òun tó ń jẹ́ Ràjí wọ iṣẹ́ ṣọ́jà nígbà tí oyún òun Alájì ṣì wà nínú. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ìyá bí òun ni ìròyìn dé pé Ràjí ti kú nílé ìwòsàn àwọn ṣọ́jà n'Íbàdàn. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n sin ín sí, àfi ìgbà tí oníbàárà rẹ̀ kan sọ fún un pé ibì kan wà ní Onírèké. Alájì ti kọ́lé sí Baṣọ̀run. Ó ti fi àyè sílẹ̀ níwájú ilé, ó ti gbẹ́ ẹ, ó ti fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, pé ibẹ̀ lòun yóò sin egungun bàbá òun sí bí gbogbo ọmọ tó ní bàbá ṣe ń ṣe.

Ìyá fúnra wọn kò sọ púpọ̀. "Ọmọ mi," wọ́n ní, "mo kàn fẹ́ mọ ibi tó wà kí n tó kú. N ò tíì ṣàdúà sórí rẹ̀ rí."

Inú mi dùn pé mo lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn tó ń kọ orúkọ ṣọ́jà sílẹ̀ nígbà ogun náà, tí ọmọkùnrin bá ti dárúkọ kan ṣoṣo, orúkọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi kún un. Ìsẹ́yìn ni Sájẹ́ńtì pàápàá ń jẹ́ títí wọ́n fi kúrò nínú iṣẹ́ ológun. Ràjí Ṣakí sì wà nínú ìlà tí èmi ń tọ́jú. Mo mú wọn débẹ̀. Màmá fi ọwọ́ pa òkúta náà lórí, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni Sájẹ́ńtì bá wa, wọ́n wúkọ́ díẹ̀.

"Jákọ́bù, ta lo mú wọn wá kí?"

"Ràjí Ṣakí ni, sà."

"Ràjí Ṣakí wo? Ọ̀kan wà nínú ìlà tèmi náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri."

A lọ wò ó. Orúkọ kan náà, ìlú kan náà, ọdún kan náà. Nọ́ńbà tí wọ́n fún ṣọ́jà kọ̀ọ̀kan wà lára òkúta méjèèjì, Sájẹ́ńtì sì bi Màmá bóyá wọ́n rántí nọ́ńbà ọkọ wọn. "Nọ́ńbà kẹ̀?" ni Màmá wí. "Ọkọ ni mo fẹ́, n ò fẹ́ mọ́tò."

Alájì ní kí a hú méjèèjì. Sájẹ́ńtì ní kò sẹ́ni tó máa gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Alájì lọ bá ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀. Ohun tí Sájẹ́ńtì sọ náà ni ọ̀gá sọ, ìwé ọwọ́ rẹ̀ kò sì sọ ju ohun tó wà lára òkúta lọ. Láti ìgbà náà, ìyá àti ọmọ a máa wá, wọn a dúró níbi ti ìlà mi díẹ̀, wọn a tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn a lọ. Màmá kò lè ṣàdúà síbì kankan. Wọ́n ní bí àwọn bá ṣe é fún ọ̀kan, tó sì wá jẹ́ èkejì ni ọkọ àwọn, àwọn ti fi ọkọ àwọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rù sí i. Àánú wọn ṣe mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sọ fún Sájẹ́ńtì pé ká kúkú mú ọ̀kan, ká ní a ti rí àrídájú.

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ lo fẹ́ máa yan ọkọ fún obìnrin? Ìwọ ni alárinà?" Mo mú búrọ́ọ̀ṣì mi, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí wọ́n ṣe kí ìrun tán, Alájì dé pẹ̀lú lébìrà méjì, ṣọ́bìrì àti díígà lọ́wọ́ wọn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà sí ìdí ògiri, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Sájẹ́ńtì fi eékún dídùn wọn rìn débẹ̀, wọ́n dúró gbọnin níwájú òkúta.

"Bàbá, ẹ kúrò lọ́nà. Ẹ má jẹ́ kí n tẹ́ yín."

"Alájì, mo ti dúró níwájú ará Jàpáànù rí. Táyà ni ìwọ ń tà."

Alájì ti ká agbádá sí èjìká, ojú rẹ̀ ti pọ́n, omi sì wà níbẹ̀. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ń fi sàréè bàbá wọn yangàn, òun nìkan ni bàbá òun wà lọ́wọ́ ìjọba. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Màmá, tí a rò pé wọ́n wà nínú ọkọ̀, tẹ̀ kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ dé.

"Múfútáù, ó dá ọ lójú pé bàbá rẹ nìyí?"

"Kò dá mi lójú, Ìyá. Ṣùgbọ́n a ò lè máa wò báyìí títí."

"Tí kò bá wá jẹ́ òun ńkọ́? O fẹ́ lọ gbé ọkọ ọlọ́kọ wá sílé fún mi? Èmi tí mo kọ gbogbo ọkùnrin Ṣakí láti ọjọ́ yìí wá, kí wọ́n wá sin àjèjì síwájú yàrá mi?"

Lébìrà kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Sájẹ́ńtì gbìyànjú láti dúró bí ṣọ́jà, kò ṣeé ṣe. Alájì di ẹnu mọ́, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú agbádá rẹ̀. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí Sájẹ́ńtì.

"Ẹnìkejì yìí, ta ló ń wá kí i?"

"Kò sẹ́ni tó wá rí, Màmá."

Wọ́n fọwọ́ kan orí òkúta náà. "Ìyàwó tirẹ̀ náà ń wá a kiri níbì kan nìyẹn."

Wọ́n ní kí n tẹ́ ẹní. Wọ́n ṣàdúà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó parí. Wọ́n ní kí n ká ẹní náà, a lọ síbi ti ìlà mi, wọ́n tún ṣe é gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ti àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní ọkọ àwọn kì í ṣe òjòwú, kò ní bínú pé àwọn bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, oorun padà sójú Màmá, ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Alájì gbin igi òroǹbó sínú ihò tó gbẹ́ ní Baṣọ̀run. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, á ní, "Ṣé dáadáa làwọn bàbá mi wà?" Àwọn èèyàn Ṣálẹ́ǹjì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ mélòó gan-an ni ìyá rẹ̀ fẹ́. Kò bínú mọ́.

Nígbà tí Sájẹ́ńtì fẹ̀yìn tì, èmi ni mo di olórí níbẹ̀. Mo ń dùbúlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìlà báyìí, mo ń di ojú kan, mo sì ń fi òfin wọn dààmú àwọn tó wà lábẹ́ mi. Iṣẹ́ náà ti wọ̀ mí lára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bíríkìlà lọ. Lọ́dún tí mo di olórí yẹn, Màmá wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Alájì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nígbà tí bàbá kan wọ géètì wá. Àgbẹ̀ ni, ẹrùpẹ̀ ọ̀nà jíjìn ṣì wà ní bàtà rẹ̀. Ó ní láti Ṣakí lòun ti ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n òun tó ń jẹ́ Ràjí wọ iṣẹ́ ṣọ́jà nígbà ogun Hítílà, kò padà wálé. Ó ní òun gbọ́ nílé pé ìyá kan láti Ṣakí máa ń wá síbí.

Mo mú un dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo fi òkúta tó wà níwájú wọn hàn án, mo sì nawọ́ sí èkejì. Ó ṣí fìlà, ó wo èyí, ó wo ìyẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, èwo ni tiyín nínú wọn, kí n lè mọ tiwa?"

Alájì wò mí, èmi náà wò ó. Màmá sún sẹ́yìn lórí ẹní, wọ́n fọwọ́ gbá ojú àyè tí wọ́n fi sílẹ̀.

"Ẹ jókòó, àbúrò ọkọ mi. Àwọn méjèèjì ni tiwa."