Ìlà Tí Mo Fà La Àdúgbò Wa Kọjá

Òórùn yíǹkì dúdú àti ti bébà tí òjò ti rin ló kún yàrá tí wọ́n fún wa ní sẹkitéríátì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà náà, iṣẹ́ pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ, ni wọ́n bá ní kí èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì wá bá wọn tún máàpù wọ́ọ̀dù yà. Ọ̀gá kan tó wá láti Adó ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sílẹ̀. Tèmi ni kí n fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ kó mọ́ kedere. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ tó mọ́. Mo di èémí mú, mo tẹ̀ lé odò kékeré kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ mi kò gbọ̀n.

"Tíṣà, ọwọ́ yín dára o," ni ọ̀gá náà wí.

Inú mi dùn títí mo fi délé. Mo mọ̀ pé odò yẹn ló la àdúgbò wa sí méjì. N kò kàn rò pé ó já mọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí ìdìbò kánsílọ̀ dé, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ nínú wa, jáde fún ipò náà torí ó fẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sọ́dọ̀ wa. Àdúgbò wa kò tóbi, ṣùgbọ́n ibì kan náà la máa ń dìbò sí. Kò sẹ́ni tó rò pé yóò fìdí rẹmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi àti bàbá mi lọ síwájú ilé ìwé níbi tó ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Akọ̀wé tú ìwé síwá sẹ́yìn.

"Bàbá, orúkọ yín kò sí níbí mọ́. Wọ́ọ̀dù òdìkejì odò ni wọ́n kó yín sí."

Bàbá mi wo ọ̀nà ilé wa, ó tún wo akọ̀wé náà. "Ṣé ulé mi ló ṣí kúrò ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn wa, àti fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Kó tó di ọ̀sán, ìdajì àwọn èèyàn wa ti ń sọdá lọ síbi tí orúkọ nọ́ọ̀sì náà kò sí nínú ìwé ìdìbò rárá. Máàpù wà lára ògiri. Mo súnmọ́ ọn. Ìlà mi nìyẹn, ó mọ́ kedere. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Nọ́ọ̀sì náà kò wọlé. Kánsílọ̀ méjèèjì tó wọlé ní wọ́ọ̀dù méjèèjì kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá lọ bá ọ̀kan, á ní ká lọ bá èkejì.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún bàbá mi, kò bínú. Ẹnu yà á ni. "Ìwọ? Ìwọ tí o mọ ibi tí mò ń gbé?"

Mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba pé kí wọ́n dá àdúgbò wa padà sínú wọ́ọ̀dù kan, mo gbé e láti ojúlé dé ojúlé káwọn èèyàn fọwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì náà ló kọ́kọ́ buwọ́ lù ú, kò sì wo ojú mi. A kò rí èsì gbà. Apá ibòmíràn ni wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí.

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ bébà ni ọ̀rọ̀ ààlà. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé èèyàn lè wà nínú ilé tí wọ́n bí i sí, kí wọ́n sì mú un kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ láìgbé ẹrù kankan. Láti ìgbà náà, ibi yòówù tí wọ́n bá ti pe ìpàdé lórí ààlà, mo máa ń lọ, mo sì máa ń béèrè àwọn tó ń gbé ibẹ̀, lórúkọ lórúkọ.