Egbò Tó Wọ Ọ̀kadà Wá Láti Òkèrèwè

Màmá Awóníyì ti Òkèrèwè kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé ikú wọn sọ pé ọjọ́ ogbó ló pa wọ́n. Òótọ́ ni pé màmá dàgbà. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọjọ́ ogbó lára ọ̀pọ̀ àgbà nílùú yìí, mi ò tíì rí èyí tó ń jẹ ènìyàn ní ìdí títí eegun fi yọ síta.

Egbò ìdùbúlẹ̀ ló pa wọ́n. Bí wọ́n bá fi ẹni tí kò lè dìde sílẹ̀ lójú kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹran ara tí eegun tẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù á máa kú díẹ̀díẹ̀. Kò gba ẹ̀rọ olówó gọbọi kó má ṣẹlẹ̀. Ó kàn gba kí ẹnì kan wá yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kejì ni.

Ta ni kò mọ màmá? Bí obìnrin bá bímọ ní Òkèrèwè, àwọn ni wọ́n máa ń bá a wẹ ọmọ. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ lé e, wọ́n á yí i síwá, wọ́n á yí i sẹ́yìn. Bí ọmọ bá ń ké, wọ́n á ní, "Bú mi, ọkọ mi, bú mi dáadáa. Tí o bá dàgbà, o ò ní rántí." Wọ́n wẹ èmi náà. Lóòótọ́, mi ò rántí.

Nígbà tí wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀ tí eegun ìbàdí wọn ṣẹ́, Olúbùnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan nínú Ifẹ̀ yìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kì í rẹ́rìn-ín sí ẹ̀fẹ̀.

Lọ́jọ́ tí màmá wọlé, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé awọ ara wọn pé, kò sí egbò kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ á wo ohun tí ẹni àná kọ, á sì dà á kọ: awọ pé, a ti yí aláìsàn padà. Nínú fáìlì, wọ́n yí màmá padà ju àgbàdo orí iná lọ. Lórí bẹ́ẹ̀dì, òrùlé kan náà ni màmá ń wò. Olúbùnmi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró kí òun máa yí wọn fúnra òun. Wọ́n ní òfin kò gbà á. Nọ́ọ̀sì kan ló sì wà fún odidi wọ́ọ̀dù. Àwọn yòókù ti wà nílùú òyìnbó, wọ́n ń yí ìyá òyìnbó padà.

Lọ́jọ́ kan, Olúbùnmi gbóòórùn nǹkan, ó gbé aṣọ ara ìyá rẹ̀ sókè, ó sì figbe ta. Fisáyọ̀mi, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, sáré wá.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

"Kí ni kí n ṣe, kí n máa kọrin?"

"Tí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́ọ̀dù yìí ló ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni wọ́n máa fún ní kúérì. Ẹ ṣáà bá mi sọ pé ó ti wà lára wọn láti ilé."

Màmá lanu látorí bẹ́ẹ̀dì. "Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ Ìyá Ayọ̀bámi tó ń tajà ní Enuwa ni mí, mà."

"Háà! Èmi ni mo wẹ̀ ọ́. Orí ẹ gùn bí ìbẹ́pẹ nígbà náà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́ tó fi rí bó ṣe rí." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Bùnmi, sọ ohun tó ní kí o sọ. Má ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́."

Olúbùnmi sì sọ ọ́, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì. Ẹ̀yin tí ẹ lè bá ìyá yín jiyàn lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn, ẹ bá a wí.

Bí egbò tí kò sí lọ́jọ́ tí màmá wọlé ṣe di egbò tó ti ilé wá nìyẹn. Báwo ló ṣe dé ibẹ̀? Ṣé ó wọ ọ̀kadà láti Òkèrèwè ni, tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì, tó ń bèèrè wọ́ọ̀dù màmá? Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ egbò wò níbẹ̀ kò yọjú. Egbò wọ́ọ̀dù ni tiwọn, ti ilé kò kàn wọ́n.

Lẹ́yìn ikú, Olúbùnmi lọ bá Solomon, ẹni tó ń sọ àìsàn gbogbo di nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà. Solomon fún un ní àga. Kì í ṣe ènìyàn burúkú.

"Àǹtí, ohun tí wọ́n bá kọ ni mò ń wá nọ́ńbà fún. Bí wọ́n bá kọ pé ewúrẹ́ ló jẹ wọ́n, màá wá nọ́ńbà ewúrẹ́."

"Egbò náà ńkọ́?"

"Ó wà ní ìlà kejì ìwé ikú. Ti ilé ni mo tẹ̀."

Ìlà kejì yẹn ni àbúrò màmá, tí a ń pè ní Bàbá Hakeem, kà sókè níwájú ẹbí.

"Egbò láti ilé! Bùnmi, o jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi jẹrà mọ́ ọ lọ́wọ́?"

"Bàbá, ilé ìwòsàn ló ti—"

"Ṣé ìwé ló ń purọ́ ni? Wọ́n ní ẹnu ara ẹ lo fi sọ ọ́!"

Nígbà tí wọ́n fẹ́ wẹ òkú, àwọn obìnrin ilé kò jẹ́ kí Olúbùnmi fọwọ́ kan omi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kànìnkànìn tuntun tó rà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo tẹ̀ lé e padà sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní dókítà tó fọwọ́ sí ìwé náà nìkan ló lè yí i padà, dókítà sì ti lọ sí Kánádà. Wọ́n kí wa kú ọ̀fọ̀, wọ́n sì sìn wá dé géètì. Mi ò mọ ibi tí a tún lè lọ.

Ẹ̀yin aláṣẹ ibẹ̀, ẹ mọ ara yín. Ta ló fi ọmọbìnrin kan ti odidi wọ́ọ̀dù? Ta ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí nọ́ọ̀sì kọ òótọ́? Ẹ má wulẹ̀ lé Fisáyọ̀mi kẹ́ ẹ pè é ní ìdájọ́. Ẹ ṣí fáìlì náà, ẹ kọ ibi tí egbò ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ẹni tó yẹ kó dáhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ rán àgbà kan nínú yín wá sí Òkèrèwè, nígbà tí Bàbá Hakeem bá wà nílé. Kó dúró láàárín agbolé, kó sọ ọ́ sókè pé, "Ọ̀dọ̀ wa ni egbò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Olúbùnmi mọ́." Bí Olúbùnmi kò bá tètè jáde nínú yàrá, kó dúró dè é, kó sì tún un sọ.