Fíìmù Ìyá Tí Wọn Kò Fẹ́ Kí Ìyá Wò Parí

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí ni omijé ọkùnrin tó ń jẹran lọ́wọ́. Omijé náà ń ṣàn bọ̀, ó ń pàdé epo ní igun ẹnu rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu méjèèjì pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Fíìmù ni ó ń pa á lẹ́kún. Ìyá tó bí i jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sunkún ní tirẹ̀.

Ìyàwó mi ti ṣaláìsí ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ṣùgbọ́n mi ò yé lọ kí ìyá rẹ̀ ní Kemta. Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, mo máa ń gba Aké kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, níbi tó ti ń ta àdìrẹ àti kàǹpálà láti ìgbà tí ìyàwó mi wà lọ́mọ ọwọ́. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jókòó sáàárín aṣọ yẹn, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ etí aṣọ wò, tó ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀, èèyàn á mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó ti ń mí. Mo pẹ́ kí n tó lọ sílé ìwé. Mo ti níyàwó nígbà tí mo ń kọ́ A, B, D ní ilé ìwé alẹ́, Ìyá nìkan ni kò sì fi mí rẹ́rìn-ín nínú àwọn àna mi. Ó ní ẹni tó pẹ́ dé ọjà, bó bá ṣá ti rí ohun tó fẹ́ rà, kò tíì pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi àti aya rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó. Ìlú kan tó súnmọ́ Èkó ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí ni wọ́n ń gbé. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí wọ́n tó jáde nílé, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó dé. Wọ́n bímọ, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń gbà sì ń sá lọ. Ni wọ́n bá ní kí Ìyá ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, kí ó máa tọ́jú ọmọ. Kì í ṣe bí ìyá àgbà ṣe máa ń lọ wẹ ọmọ tuntun, tí yóò sì padà sílé rẹ̀. Pátápátá ni wọ́n ń wí.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n sebẹ̀ wá sílé rẹ̀, wọ́n pe olórí ẹbí, tó jẹ́ àbúrò ọkọ Ìyá, wọ́n pe èmi náà. Ọmọ rẹ̀ wá fi fíìmù kan sí tẹlifíṣàn. Fíìmù àtijọ́ ni, kò ní àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ, láti apá ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n ti ń sọ èdè Bẹ̀ngálì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, òun ni ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá.

Opó kan ló ń ránṣọ kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé. Ó ta ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ó ta màlúù rẹ̀. Ó ń sọ pé òun ti yó nígbà tí kò fẹnu kan nǹkan. Ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn nídìí abẹ́rẹ́.

"Ìyá ni wúrà!" ni olórí ẹbí pariwo.

Mo rò ó nínú ara mi pé wúrà ni ohun tí èèyàn máa ń tà nígbà tí nǹkan bá le.

"Màámi, ṣé ẹ ń wò ó?" ni ọmọ rẹ̀ wí, ó ń fa imú. "Bí ìyá ṣe ń ṣe nìyẹn o."

"Mo ń wò ó. Ojú tèmi kò tíì fọ́."

Àna kì í dá sí ọ̀rọ̀ níbi tí ẹbí ìyàwó bá ti ń jíròrò. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Mo ti dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo sì pa ẹnu mọ́.

Nínú fíìmù náà, ọmọ yege, ó di lọ́yà. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé e lọ sí ìlú ńlá, ìyá rẹ̀ ń juwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti pa tẹlifíṣàn.

"Ó ti tán," ni ó wí.

"Kí ló tán?"

"Fíìmù náà, Màámi."

Ìyá wò ó títí. "Ìwọ ọmọ yìí. Kí n tó bí ọ ni mo ti ń sá kúrò nílé lọ wo fíìmù Íńdíà ní ilé sinimá. Bàbá mi nà mí, nà mí, mi ò jáwọ́. Fíìmù Íńdíà kì í tán síbi tí wọ́n ti ń juwọ́ síra wọn. Àfi kí ìyá kú, tàbí kí ọmọ dì mọ́ ọn. Èwo ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?"

"Ibi tó kù kò ṣe pàtàkì, Màámi."

"Tàn án, ọ̀gbẹ́ni," ni olórí ẹbí wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ ká rí òkú."

Ó tàn án. Lọ́yà ti fẹ́ ọmọ olówó. Ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi wá kí i, ó di àgbọn olóyin sínú aṣọ fún un. Àlejò kún pálọ̀. Wọ́n bi ọmọ pé ta ni obìnrin yìí. Ọmọ fèsì, ìyá rẹ̀ sì gbé àwo omi, ó ń bu omi fún àwọn àlejò.

"Kí ni ó pè é?" ni Ìyá béèrè.

Ọmọ rẹ̀ ki ẹran bọ ẹnu. Aya rẹ̀ ni ó kà á jáde, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: "Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ àwọn ni."

Obìnrin inú fíìmù náà padà sí abúlé rẹ̀, ó kú sétí odò.

Ìyá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Òmùgọ̀ obìnrin," ni ó wí. "Ẹ máa kó àwọn ọmọ wá bí wọ́n bá gba họlidé, mo fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ mú wá wọn ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ tí mo wà níbi àdúà àsàlátù, ẹ sọ fún un pé mi ò kó jáde, kí ó lọ gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn."

Ó jáde lọ sí ìdí aṣọ rẹ̀.

Mo rò pé ìtìjú á pa ọmọ rẹ̀. Pẹ̀lú irùngbọ̀n lẹ́nu mi, mo ṣì gbà pé ojú máa ń ti àwọn tó kàwé ju àwa tí a pẹ́ kàwé lọ. Àṣé ẹran tó kù nínú àwo ni ọmọ náà ń wá.

Ìyá tajà títí di ọ̀sẹ̀ tí ọlọ́jọ́ dé, ní ọdún tó kọjá. Níbi àdúà fídáù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó tún sunkún. Ó ní ìyá àwọn kò fẹ́ nǹkan kan fún ara rẹ̀ láyé, pé ó fi gbogbo ayé rẹ̀ jìn fún àwọn ọmọ. Àwọn èèyàn ń ṣe "Àmín", àwọn obìnrin ń nu ojú. Mo gbé àwo ìrẹsì tí wọ́n fún mi sílẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ irú oríkì bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹnikẹ́ni, ó máa ń rí mi lára, nítorí ó dà bíi pé wọ́n ń fi ọwọ́ kan náà yin òkú, tí wọ́n sì ń fi nàka sí àwọn obìnrin tó ṣì wà láàyè pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi àti ọmọbìnrin mi, tó ń múra ìgbéyàwó, ni a jọ ń ti ibi fídáù náà bọ̀. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé ìyá àgbà òun kò fẹ́ nǹkan kan fún ara rẹ̀.

Mo ní, "Irọ́ ni. Ó fẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."